Páńẹ́ẹ̀lì Tí Mo Yọ Dànù

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi tú ìdí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà nílùú Maiduguri yìí. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Ojú mi kò rí ẹsẹ̀ áísì, ẹ̀yà dúdú kékeré inú ẹ̀rọ, mọ́, ọwọ́ mi sì máa ń gbọ̀n bí mo bá mú irin ìjólẹ́ẹ̀dì dání. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé máa ń yà sọ́dọ̀ mi pé, "Baba, ṣé iṣẹ́ yín yìí ṣì ṣeé kọ́?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó ṣeé kọ́, ó sì ń bọ́ni. Ohun tí n kì í sọ fún wọn ni mo fẹ́ sọ níbí, torí ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Hausari, àdúgbò kan nílùú yìí, ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, abọ́ tánganran ló ń tà lọ́jà. Hausa la fi ń ṣeré, Kanuri la fi ń bú ara wa, Yorùbá tó wà lẹ́nu mi nígbà náà kò ju èyí tí mo fi ń béèrè oúnjẹ lọ. Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́wàá tí kò sí ọ̀nà àtilọ síwájú, Bàbá mú mi lọ sí Gwange, sọ́dọ̀ ọmọ Iléṣà kan tó ń tún rédíò ṣe, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Oyèníran.

Ọ̀gá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí ni orúkọ rẹ?"

"Sunana Múráínà, sà."

Ó yíjú sí bàbá mi. "Alhaji, èdè wo lọmọ yín ń sọ nílé?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi kọ́ ọ. Ọmọ Hausari ni."

"Màá kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, Hausa fún oníbàárà, Yorùbá fún mi. Ohun tí ènìyàn kò bá lè fi èdè ìyá rẹ̀ ṣàlàyé, kò tíì mọ̀ ọ́n."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. N kò ní fi ọ̀rọ̀ àdéhùn àti owó oṣù dí yín lọ́wọ́. Ohun tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ ń jẹ ni mo jẹ.

Oṣù mẹ́fà gbáko ni n kò fọwọ́ kan irin gbígbóná. Ṣọ́ọ̀bù ni mò ń gbá, ìdè ni mò ń tú. Tí mo bá tú ìdè mẹ́jọ lára rédíò, mo gbọ́dọ̀ ya àwòrán ẹ̀yìn rédíò náà sórí bébà, kí n sì to ìdè kọ̀ọ̀kan sí ojú ibi tó ti wá. Bí ọ̀kan bá yí kúrò ní àyè rẹ̀, Ọ̀gá á da gbogbo rẹ̀ pọ̀, á ní kí n tún un tò. Kì í pariwo. Ó máa ń fi ìka kan lu tábìlì lẹ́ẹ̀mejì ni, ara mi á sì bù máṣọ.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Má ṣe tan ẹ̀rọ tí o kò tíì fi mítà wọ̀n. Má ṣe sọ fún oníbàárà pé o mọ ohun tí o kò mọ̀. Ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí o bá yọ, ti ẹlẹ́rọ, ẹni tó gbé e wá, ni. Fi hàn án, kí òun fúnra rẹ̀ ní kí o dà á nù. Mo bá àwọn ọ̀gá mìíràn pàdé lẹ́yìn ìgbà náà tí wọ́n ń kó ẹ̀yà tó ṣì dára pamọ́ lára ẹ̀rọ ẹni ẹlẹ́ni. Ọ̀gá Oyèníran máa ń dì í sínú ọ̀rá ni, á so ó mọ́ ọrùn rédíò bí oògùn ọmọdé.

Ní ọjọ́ kan, obìnrin Kanuri kan tó ń dín màsà lójú ọ̀nà gbé rédíò rẹ̀ wá. Ó ti já sínú agbada omi. Mo tú u, mo rí i bó ṣe rin gbindin, mo ní, "Ọ̀gá, eléyìí ti kú."

Ìka lu tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. "Ta ló pa á?"

"Omi ni, sà."

"Omi kì í pa rédíò. Ẹni tó ń kánjú sin ín ló ń pa á. Lọ fọ̀ ọ́."

Ó fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti sípírítì. Mo fọ gbogbo páńẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, pátákó tí wọ́n jó ẹ̀yà rédíò mọ́, mo sá a sí abẹ́ ọ̀dán fún ọjọ́ mẹ́ta, kí oòrùn má baà bó o. Ní ọjọ́ kẹrin a wọ̀n ọ́n, a tan án, ó sì sọ̀rọ̀. Obìnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣàdúrà fún wa títí Ọ̀gá fi ní kó máa lọ kí epo rẹ̀ má baà jóná. Ohùn tí a mú bọ̀ láti inú omi yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé n kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn láyé mi.

Ìyàwó Ọ̀gá, Màmá Bọ́sẹ̀, jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun ló tún Yorùbá mi ṣe ju Ọ̀gá lọ. Bí mo bá fi Hausa dípò "wá," tí mo sọ pé "mo zo láti ọjà," á dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pé kí n padà sóde, kí n tún wọlé, kí n sì tún un sọ. Ó máa ń pè mí ní "Múráínà ọkọ mi," oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ kò sì yẹ̀ rí.

Ọdún kẹta mi ni òyìnbó kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì ń padà sílùú rẹ̀, tí Ọ̀gá sì ra kọ̀ǹpútà ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà òde òní lè má mọ irú rẹ̀. Kò ní ojú tirẹ̀. Bọ́tìnnì àti kọ̀ǹpútà wà nínú àpótí pẹlẹbẹ kan ṣoṣo. Ẹ ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó sì so rédíò kásẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, kásẹ́ẹ̀tì yẹn á ké wíìwíì fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí eré tó jáde. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Gwange. Àwọn ọmọ àdúgbò ń kún ẹnu ọ̀nà wa lẹ́yìn ilé ìwé.

Màmá Bọ́sẹ̀ ló ní kí wọ́n má kàn máa fi ṣeré. Òun ló ronú ìbéèrè ìṣirò, ní Yorùbá àti Hausa, Ọ̀gá sì kọ ọ́ sí èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́, ó fi í pamọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ ẹnu Màmá gan-an ló fi sí i, kò yí ẹyọ kan padà. Tí ọmọ bá jókòó, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lójú tẹlifíṣọ̀n ni pé, "Ẹ kú ilé o. Ṣé o ti fọ ọwọ́ rẹ?" Tó bá dáhùn pé rárá, kọ̀ǹpútà kò ní ṣe nǹkan kan mọ́, ọmọ á sáré lọ fọwọ́. Tó bá ṣì í: "Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Tún ìka rẹ kà." Tó bá gbà á: "O káre. Ó yá, dìde kí ẹlòmíràn jókòó." Màmá gan-an nìyẹn. Àwọn ọmọ Kanuri tí kò gbọ́ Yorùbá rárá ń sọ "o káre" fún ara wọn nínú bọ́ọ̀lù.

Mo gba òmìnira iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, mo sì dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ ní Hausari. Láti ìgbà náà, irinṣẹ́ ń yí padà bí ìgbà tí wọ́n ń lé e. Mo bá rédíò tó ní gílóòbù nínú, tó ń pẹ́ kó tó gbóná. Tíránsítọ̀ lé e lọ. Áísì dé, ẹyọ kan ṣe iṣẹ́ ogún tíránsítọ̀. Bó bá bàjẹ́, o kò lè wá ibi tó ti bàjẹ́ nínú rẹ̀, o kàn máa pààrọ̀ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, lẹ́yìn náà fóònù, tí a ń fi búlówà, afẹ́fẹ́ gbígbóná, tú ẹ̀yà tí kò tó hóró ìrẹsì. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ń yangàn pé n kò sí lára àwọn tí ọkọ̀ já sílẹ̀. N kò kíyè sí i pé, bí mo ti ń kọ́ tuntun, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ mi ń gbàgbé sùúrù. Nígbà tó yá, "pààrọ̀ ẹ" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ń jáde lẹ́nu mi.

Màmá Bọ́sẹ̀ kú, àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú un lọ. Ìlú dàrú lẹ́yìn náà, ìbọn ń dún, ọ̀pọ̀ Yorùbá kó lọ sílé. Bọ́sẹ̀, ọmọ wọn kan ṣoṣo, nọ́ọ̀sì ni ní Ìbàdàn, ó bẹ bàbá rẹ̀ títí pé kó máa bọ̀. Ọ̀gá ní ibi tí ìyàwó òun wà ni òun wà. Èmi náà kò lọ. Ibo ni mo fẹ́ lọ? Àlejò ni mo jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, omi ya wọ ìlú. Ó gba Gwange kọjá, ó wọlé Ọ̀gá dé àyà fèrèsé. Wọ́n ti gbé e sá lọ sí Khaddamari, lẹ́yìn odi ìlú, sílé àwọn ará ìjọ rẹ̀. Ìgbà tí omi fà, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a lórí àga nínú àgbàlá, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn wà lórí itan rẹ̀ nínú àpò ìrẹsì, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀.

"Múráínà, ẹ̀rọ ìyá rẹ ti bọ́ sómi. Ọwọ́ tèmi kò gbà á mọ́. Bá mi jí i."

"Ọ̀gá, ẹ má ṣèyọnu. Á dìde."

Kí ẹ tó gbọ́ ìyókù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lórí mi lásìkò náà. Mo ti ń rí i lórí fóònù pé kọ̀ǹpútà kan ti jáde tí kò ju káàdì báńkì lọ. Gbogbo ara rẹ̀ wà lórí páńẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ó sì lágbára ju gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà nílùú yìí láyé ìjọ́un pọ̀ lọ. Àwọn ènìyàn lókè òkun ń fi sínú àpótí kọ̀ǹpútà àtijọ́, kó lè máa so mọ́ tẹlifíṣọ̀n tuntun, kó sì máa gbé ẹgbẹ̀rún eré sórí káàdì kékeré. Mo ti ní ọ̀kan nílé tí mo rà láti Kánò, mò ń wá ibi tí màá ti lò ó. Àti pé ọkàn mi ń fẹ́ kí Ọ̀gá rí i pé ọmọ iṣẹ́ òun ti dàgbà.

Mo tú àpótí náà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹrẹ̀ bo páńẹ́ẹ̀lì àtijọ́ náà. Lórí áísì ńlá kan, mo rí bébà funfun kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ti kọ nǹkan sí i, omi ti fọ tádàwá rẹ̀ kúrò. Mo rí i dáadáa. Ẹni tó mọ iṣẹ́ mọ̀ pé irú áísì tí wọ́n ń lẹ bébà mọ́ lójú bẹ́ẹ̀, ènìyàn ló kọ nǹkan sí i nínú, bébà yẹn ni kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pa á rẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní lọ́kàn mi pé inú kásẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ Màmá wà, màá wá a tó bá yá. Búrọ́ọ̀ṣì wà lórí tábìlì mi, sípírítì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò fọ̀ ọ́. Mo yọ páńẹ́ẹ̀lì náà, mo jù ú sínú báàfù tí mò ń kó àlòkù sí, nígbà tí ọkùnrin tó ń ra àlòkù, tí a ń pè ní baban bola, ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, mo ní kó máa kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi so wáyà láti abẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan lọ sí páńẹ́ẹ̀lì kékeré náà. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, n kò ní purọ́. Mo fọ àpótí náà títí ó fi ń dán, mo sì gbé e lọ sí Khaddamari láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé.

Mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn. Ọ̀gá fa àga rẹ̀ súnmọ́, ó nu jígí ojú rẹ̀, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe bí ẹni tí àlejò fẹ́ wọlé tọ̀ wá. Mo tan án. Àwọ̀ oríṣiríṣi tàn, orin dún, orúkọ eré tò láti òkè dé ilẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó! Ẹgbẹ̀rún eré ló wà nínú ẹ̀. Ẹ lè wo fọ́tò níbẹ̀, ẹ lè wo ìròyìn."

Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ó dára. Ó mọ́lẹ̀ dáadáa." Ó tún wo ojú tẹlifíṣọ̀n náà. "Ìyá Bọ́sẹ̀ dà?"

"Sà?"

"Tí a bá tan án, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ṣé o ti gbé e sí ẹ̀yìn ni?"

"Ọ̀gá, màá wá kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀…"

"Kásẹ́ẹ̀tì wo? Kásẹ́ẹ̀tì ti já látọjọ́ tó ti pẹ́. Lẹ́yìn tí o lọ ni mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kan ní yunifásítì, a kọ ọ́ sínú áísì, mo jó o mọ́ páńẹ́ẹ̀lì fúnra mi kó má baà sọnù. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn." Ó nawọ́ sí àpótí náà. "Ṣí i, jẹ́ kí n rí páńẹ́ẹ̀lì mi."

Mo ní, "Ọ̀gá, mo ti yọ ọ́."

"Mo gbọ́. Gbé e wá kí n rí i."

Ó wo ojú mi, ó wá gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí àpótí náà díẹ̀díẹ̀. Kò lu tábìlì. Ì bá lù ú, ì bá tù mí lára.

Mo sáré jáde, mo gun kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù lọ wá ọkùnrin àlòkù náà. Mo bá a níbi tí wọ́n ti ń wọn irin. "Haba, Malam," ó ní, "na sayar tun Alhamis. Mota ta tafi Kano." Ó ti tà á láti Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ ti kó o lọ sí Kánò. Mo ṣì bẹ̀ ẹ́, a jọ tú gbogbo ohun tó kù nílẹ̀, páànù, wáyà, ìkòkò tó ti lu, títí ọwọ́ mi fi ya. Kò sí níbẹ̀. Mo pe gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ní Kánò. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín; tọ́ọ̀nù mélòó ni páńẹ́ẹ̀lì tó ń wọ ibẹ̀ lójúmọ́?

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Dìde. Ṣé o ti jẹun?" Kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Mò ń lọ kí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, a ó sọ̀rọ̀ ìlú, a ó sọ̀rọ̀ ara líle. Kọ̀ǹpútà náà wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n ti fi aṣọ bò ó.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò yẹ kí n yọ nǹkan kan. Nígbà tí mo tún padà lọ wo àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí fóònù, mo rí i pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ń fi kékeré náà kún ti àtijọ́ ni. Àyè wà lápá òsì nínú àpótí yẹn, ó tó, ó kù. Àwọn méjèèjì ì bá jọ máa gbébẹ̀.

Ọ̀gá kú lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Bọ́sẹ̀ wá láti Ìbàdàn, a sin bàbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Hausari, ó jókòó lórí àpótí oníbàárà.

"Bọ̀dá Múráínà, dádì sọ nǹkan kan fún mi lórí fóònù, ó lé lóṣù kan kó tó lọ. Ó ní tí òun kò bá sí mọ́, kí n wá bá yín, pé ọ̀rọ̀ màmá wà lọ́wọ́ yín."

Nígbà náà ni mo mọ̀ pé kò sọ fún un. Ó bo àṣírí mi. Ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé omi wọ ilé wọn.

Mo bẹ̀rẹ̀: "Bọ́sẹ̀, ṣé o mọ̀ pé omi…" Mo rí ojú rẹ̀, ojú ìyá rẹ̀ gan-an, mo sì gé gbólóhùn náà kúrò. Mo ní, "Rárá. Kì í ṣe omi. Èmi ni. Mo yọ ọ́, mo fi tọrẹ fún alálòkù. N kò fọ̀ ọ́, n kò wò ó, n kò bi bàbá rẹ. Mo fẹ́ kó rí ọgbọ́n mi ni."

Ó ń fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú. Mo rò pé ó máa bú mi, mo sì fẹ́ kó bú mi.

"Ṣé dádì mọ̀?"

"Ọjọ́ yẹn gan-an ló mọ̀."

"Àmọ́ ó ní ó wà lọ́wọ́ yín." Ó ronú díẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà náà, n kò rántí ẹyọ kan. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èyí tí ẹ bá rántí fún mi."

Ó fún mi ní ìwé ìkọ̀wé tuntun tó ti rà wá lójú ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi wà nílùú, ọ̀sẹ̀ kan yẹn ni mo sì fi kọ ọ́. Mo lọ bá àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, àwọn tó ti bímọ tó ti lọ́mọ-ọmọ ní Gwange. Ẹnì kan rántí ìlà kan, ẹlòmíràn ní irọ́ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó lé ní ogún ìbéèrè tí Màmá ṣe. Méje la rí. Mo kọ wọ́n ní Yorùbá, mo fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí ó máa ń dun Màmá pé ẹ̀rọ náà kò lè fi àmì sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ọ. Ẹ kọ́ tuntun pàápàá, ẹ má ṣe bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ bi ẹlẹ́rọ pé kí ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo olóògùn péjọ, wọn kò rí ewé àbámọ̀ já.

Mo mú ìwé náà lọ fún Bọ́sẹ̀ ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tó ń padà. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ṣí ojú ewé kìn-ín-ní, ó kà á sókè: "Bọ́sẹ̀ ní máńgòrò mẹ́sàn-án, ó fún Fálmátà ní mẹ́rin. Mélòó ló kù sọ́wọ́ Bọ́sẹ̀?"

Ó gbójú sókè. "Wọ́n fi orúkọ mi sí i?"

"Orúkọ rẹ ló fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀."

Ó tún un kà, láìsí ohùn. Awakọ̀ fọn fèrè, ó wọlé, ó jókòó sójú fèrèsé. Bí ọkọ̀ ti ń lọ, mo rí i tó ń yí ojú ewé, títí ó fi dé èyí tí n kò kọ nǹkan kan sí, ó sì tún ń yí i lọ, bóyá ó kù.